Bí Fàsásì Ṣe Ń Ná Ẹja Lójú Omi

Wọ́n ní Fàsásì olóbì, ará Makun, fẹ́ ìyàwó kan sínú adágún tó wà lẹ́yìn Ṣìmáwà. Wọ́n ní obìnrin náà pupa bí epo, pé láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ ẹja ni, pé ó ti bímọ méjì fún un, àti pé èyí àbúrò ti ń kéwú. Ìdí nìyí, wọ́n ní, tí ọkùnrin yìí fi ń lọ pẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí kì í mú ẹyọ kan bọ̀ wálé. Ta ló ń fi àna rẹ̀ se ọbẹ̀?

Wúlẹ̀mọ̀tù, obìnrin kan ní Makun, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ̀lú. Oko rẹ̀ kò jìnnà sí adágún. Ó lọ rẹ ẹ̀gẹ́ sétí omi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò rí ènìyàn kankan, ohùn nìkan ló ń gbọ́.

"Sún mọ́ mi. Mi ò ní fipá mú ọ."

Wúlẹ̀mọ̀tù na etí sí i.

"Makun ni mo ti wá o. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe jí lónìí, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ṣé o fẹ́ kí n padà lọ́wọ́ òfo ni? Ó dáa. Bí ìwọ kò bá fẹ́, bá mi pe àbúrò rẹ."

Ibẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ sí. Nígbà tó sáré dé Ṣìmáwà, obìnrin kan ló wà nínú omi. Nígbà tó dé ẹnu odi Ṣàgámù, ìyàwó Fàsásì ni. Nígbà tó fi máa jókòó ní Makun, tí wọ́n bu omi tútù fún un mu, ìyàwó náà ti lóyún.

Ká ní ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀ ni, à bá rẹ́rìn-ín kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fàsásì ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bánkẹ́, Mọ́ṣúdù ọmọ Yésúfù sì ń fẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì ti gbà, ìyá ti gbà, ọjọ́ ìdána ló kù. Àfi bí Yésúfù ṣe gbọ́ ti ìyàwó inú omi, tó ní kí gbogbo nǹkan dúró ná. Ó ní kò tíì sí ẹni tó bá ẹja dána nínú ìdílé àwọn, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí òun.

Kí ẹ tó bínú sí Yésúfù, ẹ jẹ́ ká wo irú ẹni tí Fàsásì jẹ́.

Fàsásì kì í ṣe apẹja. Obì ni bàbá rẹ̀ tà, obì ni òun náà ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dí ọ̀nà òkè, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọjà kọjá, gbogbo olóbì Makun jókòó sílé. Wọ́n ń yí obì nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n sì ń bá ìyàwó wọn jà. Fàsásì yí obì títí, ó dá sí bí wọ́n ṣe ń dáná nídìí ààrò, ó dá sí bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ tó dá sí iye iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀, Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Bàbá Bánkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Kí n lọ síbo?"

"Ibi tó bá ti jìnnà ni."

Ó rìn títí ó fi dé adágún. Ó bá ọkùnrin kan tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ọjọ́ kejì ó tún lọ. Nígbà tí ọ̀nà fi ṣí, tí gbogbo olóbì sáré gbé ẹrù, wọ́n ránṣẹ́ sí Fàsásì pé kó máa bọ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ ṣíwájú, òun ṣì ń bá ẹja kan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ó ní òun fẹ́ ọkọ̀. Awódélé, àgbẹ̀ kan ní Ṣìmáwà tó mọ igi gbẹ́, ló gbà láti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹnu Fàsásì nídìí ọjà! Lójoojúmọ́ ló ń wá ná ọkọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́, lójoojúmọ́ ló sì ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Awódélé kò bá a jà. Bí Fàsásì bá ti já díẹ̀ nínú owó, Awódélé á gé díẹ̀ kúrò lára igi. Nígbà tí wọ́n fi fẹnu kò, inú Fàsásì dùn pé òun ra ọkọ̀ lọ́pọ̀, àfi ìgbà tó jókòó sínú rẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

"Awódélé, èyí kéré jù!"

"Bàbá olóbì, ibi tí owó yín mọ ni ọkọ̀ náà mọ."

Inú ọkọ̀ yìí ló máa ń wà ti òun ti agbádá ńlá. Ó ní ẹni tó fẹ́ pàdé oníbàárà kì í wọ bùbá nìkan. Lásìkò ọyẹ́ kan, atẹ́gùn kó sínú agbádá náà, ó kún bámúbámú, ọkọ̀ sì mú eré. Fàsásì ń ké pe Ọlọ́run, agbádá ń gbé e lọ, ó la adágún já, ó wọ inú òṣíbàtà lódì kejì, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń roko.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ta lẹ wá kí?"

Fàsásì tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìyá, ẹ bi atẹ́gùn."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹja gan-an ló kó o sí wàhálà. Àwọn olóbì Makun ní àṣà kan: kí ìná tó bẹ̀rẹ̀, ọlọ́jà á la obì kan fún oníbàárà kó fi tọ́ wò. Fàsásì gbé àṣà yìí dé ojú omi. Á la obì, á rún un wẹ́wẹ́, á dà á sómi.

"Ìtọ́wò nìyẹn o. Kò sówó nínú rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló máa ń ju ìwọ̀ sílẹ̀, tí ìná á bẹ̀rẹ̀.

"Ekòló kan ni. Ẹ wò ó dáadáa, ó sanra. Kí lo wí? Méjì? Ọ̀rẹ́ mi, ojú ọjà kọ́ nìyẹn. Ekòló kan, mi ò sì fi èènì sí i. Ò ń lọ? Máa lọ! Padà wá, ká tún un sọ."

Ohun tí Wúlẹ̀mọ̀tù gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́sí nìyẹn. Àrọ̀ kan ló ń ṣakọ sí Fàsásì. Ẹja adágún yẹn sì ti di ọlọ́gbọ́n: bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn á péjọ, wọn á jẹ ìtọ́wò tán, wọn á sì tú ká láìra nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin kan tí mi ò ní dárúkọ ṣe máa ń ṣe lọ́jà.

Bí èyí tó ya òpè nínú wọn bá wá gbé ìwọ̀ mì, Fàsásì á fà á sókè, á gbé e lé ọwọ́, á yìn ín, á kí i. Lẹ́yìn náà, á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á ní kó kí ará ilé, á sì dá a padà sómi. Wọ́n bi í léèrè ìdí.

Ó ní, "Mo ti ná an, ó ti gbà fún mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọjà ṣe? Inú ìná ni adùn wà."

Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò rí, ta ni yóò sọ pé kò tóbi? Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Fàsásì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe èyí tó dá padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí apá méjèèjì kò tó mọ́, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bánkẹ́, èmi ni orí, ìwọ ni ìrù. Dúró síbẹ̀ yẹn. Sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Bàbá mi, ògiri ló wà lẹ́yìn mi."

"Gba ẹnu ọ̀nà jáde."

Bí Bánkẹ́ ṣe ń dàgbà ni ẹja náà ń dàgbà. Ìrù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé àgbàlá, ó sọdá ọ̀nà. Nígbà tí Bánkẹ́ fi di ọmọge, ẹnu ọ̀nà ilé Yésúfù ni ìrù ń dúró sí, kò sì gbọ́ ohun tí orí ń sọ mọ́. Ibẹ̀ ni Mọ́ṣúdù ti bá a.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Èmi ni ìrù ẹja."

Mọ́ṣúdù wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. "Bí ìrù bá rí báyìí, mi ò bèèrè orí mọ́."

Láti ọjọ́ náà, Bánkẹ́ kì í dúró kí wọ́n tó ní kó sún sẹ́yìn.

Ẹ ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ìyàwó inú omi kì í ṣe ẹ̀rín fún ọmọ yìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Yésúfù sọdá ọ̀nà wá. Olóbì ni òun náà, ẹgbẹ́ ni òun àti Fàsásì, ọ̀dọ̀ àáfà kan náà ni wọ́n ti kéwú lọ́mọdé. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì sanra jù ú lọ. Bánkẹ́ sáré lọ fi etí lé ẹ̀yìn ògiri.

"Fàsásì, mo fẹ́ràn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìgì, bí Mọ́ṣúdù bá dọ̀bálẹ̀ fún Hàbíbátù tán, ṣé ó tún máa lọ dọ̀bálẹ̀ létí omi ni?"

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, Yésúfù."

"Èmi náà mọ̀. Wá pa ẹnu wọn dé fún mi. Kò sẹ́ni tó ń jẹ àna rẹ̀. Mú ẹja kan wá láti adágún yẹn, kí Hàbíbátù sè é, kí o jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ parí."

Bánkẹ́ fò sókè lẹ́yìn ògiri. Ẹja kan péré! Ṣùgbọ́n Fàsásì wo ilẹ̀, ó wo àjà.

"Mi ò jẹ."

"Kí ló dé?"

"Mi ò ṣáà jẹ."

Olóbì ni Yésúfù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ "rárá" kí wọ́n dákẹ́. "Jẹ ìdajì."

"Rárá."

"Orí nìkan."

"Orí kẹ̀? Ìyẹn burú ju ìdajì lọ!"

"Ìrù ńkọ́?"

"Ìrù ló ń fọn imú lẹ́yìn ògiri yẹn. Mi ò jẹ ẹ́."

"Fi òkèlè kan péré kan omi ọbẹ̀ rẹ̀."

"Kí ẹja má sí nínú ọbẹ̀ náà?"

"Ọbẹ̀ ẹja tí kò lẹ́ja nínú! Fàsásì!" Yésúfù dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Ẹni tí kò lè fẹnu kan omi ọbẹ̀ lásán, ó ní ẹni tó ń bẹ lọ́hùn-ún. Mọ́ṣúdù á wá ìyàwó síbòmíràn."

Ó lọ. Bánkẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá mi, ẹja kan péré ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ. Ṣé ẹja yẹn jù mí lọ ni?"

Fàsásì kọjú sí ògiri. Hàbíbátù fẹ́ sọ nǹkan láti ìdí ààrò. Fàsásì mi orí sí i, ìyẹn sì panu dé. Wọ́n ní ọjọ́ náà nìkan ni ilé Fàsásì pa rọ́rọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí Fàsásì ti ń kanlẹ̀kùn Yésúfù.

"Mo ti mú iye tèmi wá. Má jẹ́ kí n jẹ ẹja. Ìwọ fúnra rẹ wá bá mi wọ ọkọ̀, kí o jókòó títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bí o bá rí obìnrin kankan níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lo rí, kí o gba ọmọ rẹ padà."

"Wọ́n ní kò lẹ́sẹ̀."

"Ọmọ ìka ọwọ́ nígbà náà."

Yésúfù rò ó. Ó dáa lójú rẹ̀.

Ìdajì Makun ló tẹ̀ lé wọn dé etí omi. Wúlẹ̀mọ̀tù ló ṣíwájú, Mọ́ṣúdù wà láàárín, Bánkẹ́ ló kẹ́yìn, ó di etí ìró rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yésúfù gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kérora. Ó gbé èkejì, omi dé ẹnu ọkọ̀.

"Má mí," ni Fàsásì wí.

"Kí n má mí?"

"Ó dáa, máa mí díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n dé àárín omi. Fàsásì la obì, ó dà á sílẹ̀, ó kí àwọn oníbàárà rẹ̀. "Àlejò bá mi wá lónìí o. Kò mọ omi, ẹ má dá a lóhùn." Ó ju ìwọ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìná. Ojú Yésúfù ń wá obìnrin kiri nínú omi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà nídìí ọjà. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Irú ìná wo nìyí? O ti fún wọn ní ìtọ́wò tí wọ́n yó, o tún wá fi ekòló tó sanra jù lọ ṣíwájú! Tín-ín-rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi lọni."

"Yésúfù, èmi ni mo mọ àwọn oníbàárà mi."

"Òun ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ́ ṣeré. Gbé e wá!" Ó já okùn gbà. "Ẹ̀yin ẹja, Yésúfù nìyí. Èmi kì í fún ènìyàn ní ìtọ́wò. Ẹ fẹ́ àbí ẹ ò fẹ́?"

Ẹja fẹ́.

Okùn le gan-an, ọkọ̀ yí bí òkòtó. Láwàní Yésúfù bọ́ sómi. Fàsásì di Yésúfù nígbànú mú, Yésúfù di okùn mú, kò sì sẹ́ni tó di ọkọ̀ mú.

"Ìyàwó náà ló ń fà wọ́n lọ o!" ni Wúlẹ̀mọ̀tù ké létí omi.

Bánkẹ́ fi ọwọ́ bojú, ó sì ń yọjú láàárín ìka.

Yésúfù fà, ẹja fà. Yésúfù bẹ ẹja, ó bú u, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, àrọ̀ kan yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, dúdú, ńlá, tòun ti irùngbọ̀n. Ó la ẹnu, ó wo Yésúfù. Yésúfù náà wò ó.

"Sùbáhánàllà. Fàsásì, ó jọ àáfà wa."

"Irùngbọ̀n yẹn ni."

"Irùngbọ̀n, àti bó ṣe ń wo ènìyàn bí ẹni tí kò há kéwú rẹ̀ sórí. Kí la máa ṣe sí i?"

"Ìwọ lo ná an. Tìrẹ ni."

Omi ń kán láti irùngbọ̀n gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yésúfù rọra na ọwọ́, ó yọ ìwọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó tẹ orí ba.

"Ẹ máa lọ, Àáfà. Ẹ bá wa ṣe àdúà."

Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀, ara wọn tutù rinrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kéwú tó sá kúrò nídìí kéwú lọ ṣeré. Àwọn ènìyàn bò wọ́n.

"Ẹ rí obìnrin náà?"

"Obìnrin wo?" ni Yésúfù wí. "Ẹ bi mí léèrè ẹja!"

"Ẹja dà?"

"Mo dá a padà."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Yésúfù na apá rẹ̀ méjèèjì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó rí i pé kò tó. Ó yí ojú ká.

"Mọ́ṣúdù! Ìwọ ni ìrù. Dúró sí ìdí igi yẹn. Sún sẹ́yìn díẹ̀."

Bánkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ̀ pé ọkọ dé ọwọ́.

Wọ́n so yìgì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àgbò ni wọ́n pa, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹja. Wúlẹ̀mọ̀tù jẹun yó, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan tó ẹni tó jókòó tì í létí pé ìyàwó inú omi náà ní àbúrò, Yésúfù sì ti fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òótọ́, nítorí láti ìgbà náà, bí ẹ bá ń wá olóbì méjì yìí, ẹ má wá wọn lọ́jà. Wọ́n wà nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, orúnkún kan orúnkún, wọ́n ń jà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ná àrọ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà Ṣìmáwà á máa gbọ́ ohùn wọn. Ẹlòmíràn á sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa, á rẹ́rìn-ín tán kó tó gbé e.

Orí ẹní ìrun ni Fàsásì kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Kò ṣàìsàn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Yésúfù ló bu iyẹ̀pẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ kejì ó lọ sí adágún lóun nìkan. Mọ́ṣúdù àti Bánkẹ́ tẹ̀ lé e lókèèrè, wọ́n ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ má dà á nù. Wọ́n rí i tó la obì, tó rún un, tó dà á sómi, òun tí kì í fún ènìyàn ní ìtọ́wò. Kò mú ìwọ̀ dání. Ó da gbogbo ekòló inú igbá sílẹ̀ fún ẹja.

"Ẹ máa jẹ," ni wọ́n gbọ́ tó ń wí. "Kò sí ìná lónìí. Ẹni tó mọ ọjà ná ti lọ."

Ní ọjọ́ fìdáù, nígbà tí àwọn àáfà ti ṣe àdúà tán, tí ẹ̀rín ti ń padà sẹ́nu àwọn ènìyàn nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ Fàsásì kó má rẹ́rìn-ín, Wúlẹ̀mọ̀tù sún mọ́ Hàbíbátù. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ bèèrè.

"Ìyá Bánkẹ́, ẹ má bínú. Bàbá ti lọ báyìí. Ṣé wọ́n ní ìyàwó nínú omi yẹn, àbí wọn ò ní?"

Hàbíbátù nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun ti bẹ òun pé kí òun má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ọkọ náà bá wà láàyè, nítorí kò fẹ́ kí àwọn olóbì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: egungun ẹja há a lọ́fun nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ń bẹ̀rù ẹja jíjẹ títí ó fi kú.